Ọ̀wẹ̀ Ògiri Omitútù

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga kó jókòó sórí gbòǹgbò igi yẹn, ó ti gba àwọn tó sanra jù yín lọ. Ẹ mọ èmi Ògúnmọ́dẹdé, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ti tẹ ibi tí oòrùn kì í dé. Ìtàn ẹfọ̀n olójú kan ni mo ti ń tò sẹ́nu fún yín láti àárọ̀, àfi bí akéde ṣe gba iwájú ilé yìí kọjá. Gbogbo yín gbọ́ ọ. Ó ní ọba kí yín, ó ní ọ̀wẹ̀ wà lẹ́yìn ààfin lọ́la, kí olúkúlùkù mú ọkọ́ àti agbọ̀n dání. Kí lẹ fi dá a lóhùn? Ẹ pa ohùn pọ̀, ẹ ní, "A ti gbọ́ o, kí adé pẹ́ lórí."

Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà mo ti gbé ẹfọ̀n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn Ọdẹ́gbèmí ará Ìsunmi ni ẹ ó gbọ́ lọ́sàn-án yìí, ẹni tó bá ń sùn kó lọ sùn sílé rẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí, ọdẹ ni tòótọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti pa ẹfọ̀n méje, mo sì ti bá ìnàkí jà títí ó fi bẹ̀ mí, síbẹ̀ n kò tó ọkùnrin náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Ojúọlápé, tó ń ṣe irú tà. Ìyá wọn kú nígbà tí Ọdẹ́gbèmí kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa, Ojúọlápé ló fi iṣẹ́ irú tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló ra ìbọn tó kọ́kọ́ gbé. Bí ẹ bá sì mọ irú ṣe, ẹ mọ̀ pé omi ni iṣẹ́ náà ń jẹ. Ẹ ó ṣàn án, ẹ ó tún un ṣàn, títí èèpo yóò fi tán lára rẹ̀. Inú odò Omitútù tó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ààfin kọjá ni gbogbo obìnrin Ìsunmi ti ń ṣan irú, tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n ti ń pọn omi mímu.

Onísunmi tó wà lórí oyè nígbà náà wá jí lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀rín àwọn obìnrin létí odò kì í jẹ́ kí òun sùn di ìyálẹ̀ta. Ó ní òun yóò mọ ògiri yí Omitútù ká, odò yóò di ti ààfin nìkan. Kí ìlú máa lọ pọn omi ní Ẹlẹ́rẹ̀. Odò Ẹlẹ́rẹ̀ jìn tó pé ẹni tó bá jáde láàárọ̀, ọ̀sán gangan ni yóò dé ibẹ̀, omi náà sì nípọn bí ògì.

Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe fi í hàn, kí ẹ lè bá mi bínú. Gbogbo ìlú wọ́ lọ sí ààfin. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n kí ọba kú àárọ̀, wọ́n kí i kú ìsinmi, wọ́n kí i kú ìmúra ilé kíkọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún un pé yóò pẹ́, wọ́n ṣàdúrà fún àwọn olorì. Nígbà tí wọ́n fi máa kí i tán, ọ̀sán ti pọ́n, ọba ti ń yán. Ó ní òun dúpẹ́, ó fún wọn ní obì, wọ́n gbà á, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀ nítorí obì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dé kí ẹnì kan tó rántí pé àwọn kò mẹ́nu kan odò. Wọ́n ní ó ti di ìgbà mìíràn.

Ojúọlápé kò bá wọn lọ. Ó gbé ajọ̀ tó fi ń ṣan irú, ó lọ síbi tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri létí odò, ó sì jókòó sínú ìpìlẹ̀ náà gan-an. Ó ní òun kò ní dìde àfi bí ògiri náà kò bá ní sí mọ́. Wọ́n lọ sọ fún ọba. Ọba ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n mọ ògiri náà yí i ká, bó bá tó àkókò tí yóò dìde, yóò dìde.

Ní Ìsunmi, bí ọba bá pe ọ̀wẹ̀, ẹnì kan kì í jókòó sílé. Ẹni tó bá jókòó, kò sẹ́ni tí yóò wá sí ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ mọ́ láéláé. Nítorí náà gbogbo wọn wá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ po amọ̀, wọ́n ṣe é ní ìṣù ìṣù, wọ́n mọ ìpele kìíní dé ìbàdí Ojúọlápé, wọ́n sì ń kí i pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ti ń mọ ọ́n. Ọjọ́ márùn-ún ni ìpele kan fi ń gbẹ. Ìpele kejì yóò dé àyà rẹ̀, ẹ̀kẹta yóò dé ọrùn, ẹ̀kẹrin ni yóò bo orí.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà ìlú pe Ọdẹ́gbèmí. Wọ́n ní òun ló mọ igbó àwọn iwin, kó lọ bá wọn wádìí bí àwọn ìlú mìíràn ti ń sọ fún ọba wọn pé àwọn kò fẹ́, nítorí ọ̀nà ti Ìsunmi kò jọ pé ó ń dé etí. Ọdẹ́gbèmí bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un pé kí ìpele kẹrin tó gun orí ògiri, òun yóò ti dé. Ojúọlápé wò ó títí, ó sì gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ajọ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí gbé àpò kọ́ èjìká, ó wọ igbó. Ẹnu ibodè igbó náà ni ó ti pàdé Ọlọ́wọ́-mẹ́rìndínlógún. Iwin yìí, orí rẹ̀ kò ju àgbálùmọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń fọ aṣọ, ọ̀kan ń rọkọ́, ọ̀kan ń fá orí fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìjẹ́ pé ó dá ìbéèrè òun lóhùn, ó sì bèèrè báyìí pé, "Ògiri kan wà. Amọ̀ kọ́ ló gbé e ró, omi kọ́, imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi bò ó kọ́. Kí ló gbé e ró?"

Ọdẹ́gbèmí ní ìpìlẹ̀ ni. Ọwọ́ tó ń fọ aṣọ gbá a létí. Ó ní oògùn ni. Ọwọ́ tó ń rọkọ́ gbá a. Ó ní àṣẹ ọba ni. Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ mẹ́fà ló gbá a fún èyí, ó ṣubú, ó dìde, ó gbá ti ara rẹ̀ padà, ilẹ̀ ibẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ nítorí òógùn wọn. Nígbà tí iwin náà rí i pé ọdẹ yìí kì í ṣe ẹni tí ń sá, ó mú òkúta kan tí kò tó ẹyin adìyẹ, ó jù ú sínú àpò rẹ̀. Ó ní ìbéèrè òun nìyẹn, kó máa gbé e lọ, yóò máa wúwo sí i títí yóò fi dáhùn.

Ìlú tó kọ́kọ́ dé ni Ìlú Aláriwo. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń gbọ́ wọn, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní àwọn tí òun ń wá nìyí. Gbogbo ìlú ló ń wọ́de yí pápá kan po. Wọ́n gbé ewé sókè, wọ́n ń bú ọba wọn, wọ́n ń kọ orin tó burú débi pé èmi àgbàlagbà kò ní kọ ọ́ níwájú àwọn ìyá wọ̀nyí. Ọjọ́ méjì ni Ọdẹ́gbèmí fi bá wọn yí pápá náà po, ó mọ orin méjìlá. Ọjọ́ kẹta ló tó wo ẹsẹ̀ wọn. Ìrìn ti jẹ ẹsẹ̀ wọn tán dé orúnkún. Ó bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láyé àwọn bàbá àwọn ni. Ó ní ta ló ń lé orin. Wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù àrán níwájú. Ọba wọn ni. Òun ló fún wọn ní pápá náà, òun ló gbin igi ìbòòji sí i, òun gan-an ni ohùn rẹ̀ dùn jù nínú àwọn tó ń bú ọba. Bí oòrùn sì ti yẹ̀ báyìí, gbogbo wọn gbé ewé sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n lọ roko ọba. Ọdẹ́gbèmí tutọ́ sílẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Òkúta àpò rẹ̀ ti tó orí ọmọ tuntun.

Ó dé Ìlú Akẹ̀yìndà. Ibẹ̀ parọ́rọ́. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ bínú sí ọba wọn nígbà kan rí, wọ́n kẹ̀yìn sí ààfin, wọ́n ní àwọn kò tún ní wojú rẹ̀ mọ́, àwọn kò sì ní bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu wọn fi pa dé bí ojú egbò. Ọdẹ́gbèmí kọ́kọ́ fún wọn ní ọ̀wọ̀, nítorí ìbínú tó dákẹ́ máa ń ba ọkùnrin lẹ́rù. Ó jókòó ti ìyá arúgbó kan tó kẹ̀yìn sí ààfin tó ń pa ẹ̀gúsí. Kò pẹ́, ọba yọ́ jáde látẹ̀yìn, ó bu ẹ̀gúsí tó ti pa tán, ó bù ú lọ. Ìyá náà mọ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró, ó ń pa òmíràn tí ọba yóò tún wá bù. Ọdẹ́gbèmí dìde tìbínú-tìbínú. Bí mo bá wà níbẹ̀ ni, ìbọn mi ì bá dún, ẹ má purọ́ fún mi, ẹ̀yin náà mọ̀ mí.

Òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìn nígbà tó dé Ìlú Ikán. Òkítì kan ni, ó ga tó ìrókò, gbogbo rẹ̀ amọ̀ pupa. Àwọn ikán tó ń gbé ibẹ̀ tó ajá, ẹnu ni olúkúlùkù fi ń gbé amọ̀ gun òkè. Ojú wọn kò ríran, imú ni wọ́n fi ń mọ àlejò. Àgbà kan nínú wọn mú un wọlé lọ wo ọba wọn. Obìnrin ni, ó sanra débi pé kò lè yí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọ́n ń nu ara rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí bèèrè bí wọ́n ṣe máa ń wọ́de lòdì sí i. Àgbà ikán ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọba bá ṣe ohun tí kò dára, olúkúlùkù yóò di amọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mú, yóò sì dúró síbi tó bá wà, ìyẹn náà ni. Ó ní kì í ju ọ̀sán kan lọ tí ọba fi ń ránṣẹ́.

Ọdẹ́gbèmí rẹ́rìn-ín, ó ní ọba tòun kì í ṣe olókùnrùn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń rìn. Àgbà ikán kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ọwọ́ ọdẹ náà sí imú.

Ó ní, "Ẹran ni ọwọ́ rẹ ń rùn. Ẹran ta ni?"

Ó ní ẹran tí òun pa ni.

"Ta ló jẹ ẹ́?"

Ìgbà náà ni Ọdẹ́gbèmí rántí. Àṣà Ìsunmi ni pé bí ọba bá pe ọ̀wẹ̀, ọba ni yóò bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́, ẹran tí yóò sì fi bọ́ wọn, itan tí àwọn ọdẹ bá kó wá sí ààfin ni. Ọjọ́ tí Ọdẹ́gbèmí fẹ́ gbéra, ó ti kó itan àgbọ̀nrín mẹ́rin àti ẹtu mẹ́ta tó ti yan gbẹ lọ sí ààfin. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ń kó o, òun náà ń kó o. Lẹ́yìn tó kó o sílẹ̀ tán ló wá lọ dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìpìlẹ̀. Ẹran náà ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi ń rí agbára mọ ògiri mọ́ Ojúọlápé lára. Ọdẹ́gbèmí jókòó sílẹ̀ nínú ilé ikán, ó sunkún. Ojú tì í.

Ó yí padà lọ́jọ́ náà. Ẹnu ibodè ni Ọlọ́wọ́-mẹ́rìndínlógún ti ń dúró dè é. Òkúta ti tóbi, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Iwin náà ní kí ló gbé ògiri ró.

Ó ní, "Ọwọ́ àwọn tí ògiri náà ń dínà mọ́ ni."

Òkúta náà mì, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́. Iwin ní, "Ọwọ́ ta ni nínú wọn?"

Ọdẹ́gbèmí ní, "Ọwọ́ mi."

Òkúta di iyẹ̀pẹ̀, ó dà nù.

Nígbà tó fi máa dé Ìsunmi, ọjọ́ ìpele kẹrin ti pé. Orí Ojúọlápé nìkan ló kù lókè ògiri. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀. Inú kòtò ni àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn kan ń rù ú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Èyíwùnmí, tí òun àti Ojúọlápé jọ máa ń ṣan irú, gbé agbọ̀n amọ̀ lórí, ó ń sunkún, ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má bínú, pé kò dùn mọ́ àwọn nínú. Ó ń sọ ọ́, ó sì ń bọ̀ pẹ̀lú amọ̀ náà. Ẹ gbọ́ mi yé o. Kò dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n sì ń rù ú.

Ọdẹ́gbèmí kò pariwo, kò sì kọ ọ̀kan nínú orin méjìlá tó mọ̀. Ó lọ síbi tí ìkòkò ẹran wà lórí iná, ó kó itan tó ṣẹ́kù tí wọn kò tíì sè, ó dà á sínú àpò rẹ̀. Wọ́n ṣì ń kí i kú àbọ̀. Ó rìn lọ sí kòtò amọ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sí àárín rẹ̀, amọ̀ bò ó dé àyà. Àwọn tó ń po amọ̀ dúró. Ènìyàn kì í fi ẹsẹ̀ po arákùnrin rẹ̀ mọ́ amọ̀.

Olóyè tó ń ṣe olórí iṣẹ́ ní kí wọ́n fà á jáde. Ó ní ẹni tó bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò wá sí ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?  Èyíwùnmí wo àwọn tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ó wo àwọn tó wà lósì. Ó ní, "Àwa tá a wà níbí yìí ni." Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Agbọ̀n kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà n kò mọ iye rẹ̀ mọ́.

Ọba gbọ́ pé ilẹ̀ dákẹ́, ó jáde. Ó dúró kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Ó wúkọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó lójú kòrókòró, kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó kí i. Ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ ààfin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n po amọ̀ mìíràn. Wọn kò pò ó rí láyé wọn. Omi tí wọ́n dà sí i pọ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń gbé e lé orí ògiri ni ó ń ṣàn sílẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Òjò sì ṣú. Bí òjò bá ṣú sórí ògiri tuntun ní Ìsunmi, tọmọdé tàgbà ní ń sá lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ láti bò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ kan kò sún. Ọba fúnra rẹ̀ fa imọ̀ kan ṣoṣo, ó gbé e lé orí ògiri tó gùn tó ibi tí ọta ìbọn lè dé, ó dúró tì í. Òjò rọ̀. Ìpele kẹta tí kò tíì gbẹ dénú yọ́, ó fa èkejì lulẹ̀, amọ̀ ń wọ́ padà sínú Omitútù. Ìlú dúró nínú òjò náà títí ògiri fi di ilẹ̀, tí Ojúọlápé fi jókòó sí gbangba, tí omi odò ń ṣàn gba orí itan rẹ̀ kọjá.

Ọdẹ́gbèmí sáré lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ máa sọ nípa ìrìn-àjò rẹ̀. Ojúọlápé ní kó dákẹ́.

Ó ní, "Ẹran tí o kó lọ sí ààfin lọ́jọ́ tí o wá dágbére fún mi, òórùn rẹ̀ dé ibi tí mo jókòó sí." Lẹ́yìn náà ó wo gbogbo ìlú. Ó ní, "Ẹ rò pé ọba ni mo jókòó dè. Ẹ̀yin ni mo jókòó dè."

Ó dìde, ó gbé ajọ̀ rẹ̀, ó lọ sílé. Ọba wọ ààfin. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni kò fi rí ẹni kí i, kò rí ẹni gbá ìta rẹ̀, kò rí itan ẹran, títí ó fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú ọjà pé ti ìlú ni Omitútù.

Ẹ ń bi ara yín pé báwo ni Ògúnmọ́dẹdé ṣe mọ gbogbo èyí. Ìsunmi ni wọ́n bí mi sí. Mo wà nínú kòtò yẹn. Ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bá wọn mọ, ìṣù amọ̀ mọ́kànlá ni mo fi ọwọ́ ara mi tò sí ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn, mo jẹ ẹran, mo lá ọwọ́. Títí Ojúọlápé fi kú, ó ń ta irú fún mi, ó ń wọ̀n ọ́n dáadáa fún mi, ṣùgbọ́n kò wojú mi rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bínú sí yín. Akéde yẹn kò tíì rìn jìnnà, mo ṣì ń gbọ́ agogo rẹ̀ nísàlẹ̀ àdúgbò. Ọ̀wẹ̀ wà lọ́la, gbogbo yín ti ní ẹ ti gbọ́. Nínú gbogbo yín tí ẹ jókòó síbí, ta ló bi í léèrè ohun tí a fẹ́ lọ mọ?

Ìwọ tó o dìde yẹn, níbo lò ń lọ? Ó dáa. Máa sáré, kí agogo akéde yẹn tó jìnnà.